Ìtumọ̀ àti Ìlò Ọ̀rọ̀ náà Ṣulb ní Èdè Yorùbá

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọ̀rọ̀ Lárúbáwá náà ṣulb wáyé nínú Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé: ó wà ní ẹyọ nínú Sūratu Ṭ-Ṭāriq (86:7), ó sì wà ní ọ̀pọ̀, aṣlāb, nínú Sūratu n-Nisā' (4:23). Líle ni gbòǹgbò rẹ̀ ń tọ́ka sí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ fún eegun tó gbé ẹ̀yìn ènìyàn ró. Ọ̀pá ẹ̀yìn ni Yorùbá ń pe eegun yìí, orúkọ náà sì bá a mu ní àyè kìíní, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dá lórí omi tí a fi ṣẹ̀dá ènìyàn. Ibn Kathīr mú un wá láti ọ̀dọ̀ Ibn ʿAbbās pé ṣulb jẹ́ ti ọkùnrin, tarā'ib sì jẹ́ ti obìnrin, ìyẹn àyà rẹ̀.

Àyè kejì ni iṣẹ́ wà. Āyah náà ka àwọn obìnrin tí kò tọ́ kí ọkùnrin fẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n aṣlāb ni ó fi pààlà sí ọmọ náà. Bí olùtumọ̀ bá kọ "ọmọ tó ti ọ̀pá ẹ̀yìn yín jáde," eegun ni Yorùbá yóò gbọ́, kò ní gbọ́ ìran. Inú ni Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ ìbí: ọmọ bíbí inú ni bàbá àti ìyá jọ ń pe ọmọ wọn. Ní Zongo ìlú Accra, bíi Nima, níbi tí Hausa ti jẹ́ èdè àjọsọ, akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lè ti kọ́kọ́ gbọ́ tsatso, ọ̀rọ̀ Hausa tó kó ìbàdí àti ìran pọ̀. Ọ̀pá ẹ̀yìn kò lè gbé ẹrù méjèèjì yìí.

Ìdájọ́ ló sì rọ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí a gbà tọ́ pọ̀ nílé Yorùbá, ẹni tó tọ́ ọ ni ó sì ń pè ní bàbá. Aṣlāb ló yọ ìyàwó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú èèwọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Zayd ọmọ Ḥārithah àti Zaynab ọmọbìnrin Jaḥsh ti fi hàn (33:37). "Ọmọ yín" lásán kò yọ ọ́. "Ọmọ bíbí inú yín" yọ ọ́ kedere. Ṣùgbọ́n kí àáfà má fi èyí lé ọmọ tí ìyàwó ọkùnrin náà fún lọ́mú jáde: ọ̀pọ̀ onímọ̀ òfin ka ìyàwó rẹ̀ sí èèwọ̀, nítorí hadith pé ohun tí ìbí ṣe léèwọ̀ ni ọmú náà ṣe léèwọ̀.

Ní ti Sūratu l-Aʿrāf (7:172), ẓuhūr ló wà níbẹ̀, kì í ṣe aṣlāb. Ẹ̀yìn nìkan tó fún un. Olùtumọ̀ tó bá fi ọ̀pá kún un ti ṣe àfikún.