Kọ̀ǹpútà tí Linux Ti Wà Nínú Rẹ̀: Bí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Yorùbá Ṣe Lè Rà Á àti Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀yà Rẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí Linux ti wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ wò fún ìlò ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ni. A ṣàlàyé ohun tí Linux jẹ́, ìdí tí ó fi dára kí ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà kí a tó san owó, àti ìlànà tí a lè tẹ̀ lé láti yan ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ ilé-ìwé tí ó wáyé ní Nàìjíríà ní ọdún 2007 ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Èrò wa ni pé ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó darí ẹni tí ń rà: bí ẹ̀rọ náà ṣe ń kọ Yorùbá sí, bí ẹ̀yà Linux tí a yàn yóò ṣe pẹ́ tó, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Ìfáàrà

Ní ẹ̀ka kan tí òǹkọ̀wé yìí ti ṣiṣẹ́ rí, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ẹni tí ó tẹ ìbéèrè náà fi àmì sí i bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e lọ sínú kọ̀ǹpútà mìíràn láti tẹ̀ ẹ́ jáde, gbogbo àmì fò lọ. Ohun tí ó dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ‘oko, oko, oko àti oko’. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Máàkì mẹ́wàá ni ìbéèrè náà gbé, a sì ní láti wọ́gi lé e.

Bí owó bá jáde láti ra kọ̀ǹpútà fún yàrá ìkọ́ èdè, iye owó àti bí ẹ̀rọ náà ti yára tó ni a sábà máa ń béèrè. A kì í béèrè bóyá yóò kọ èdè tí a fi ń jẹun. A kì í sì í béèrè ẹni tí yóò tún un ṣe nígbà tí ẹni tí ó tà á fún wa bá ti lọ. Ìdí nìyí tí yàrá kọ̀ǹpútà mìíràn fi ń di ilé aláǹtakùn kí ọdún mẹ́ta tó pé. Àwọn ìbéèrè méjèèjì yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn.

Kí ni Linux?

Kọ̀ǹpútà kò lè dá ṣiṣẹ́ láìsí ètò ìdarí, èyí tí ń so irin inú ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi í ṣe. Windows ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ láàrin wa. Linux jẹ́ òmíràn. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kókó ètò náà. Ó gbé e síta kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Kókó yìí bá iṣẹ́ GNU pàdé, èyí tí Richard Stallman ti kéde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì ni ó di ètò ìdarí odindi.

Kókó nìkan kò tó lò. Oríṣiríṣi ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́ ni ó ń mú un, tí wọ́n ń fi ètò ìkọ̀wé, ètò íntánẹ́ẹ̀tì àti àwọn mìíràn kún un, tí wọ́n sì ń fún àpapọ̀ náà ní orúkọ. Èyí ni a pè ní ẹ̀yà Linux nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá mọ ẹ̀ka-èdè Yorùbá kò ní ṣòro fún láti lóye rẹ̀: Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Oǹdó àti Ọ̀yọ́ kò sọ ọ̀rọ̀ bákan náà, síbẹ̀ gbòǹgbò kan ni gbogbo wọn ti yọ. Debian bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993. Láti ara Debian ni Ubuntu ti jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, lábẹ́ àkóso Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà. Orúkọ náà wá láti inú àwọn èdè bíi Súlù àti Xhosa, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Láti ara Ubuntu ni Linux Mint náà ti yọ ní ọdún 2006. Fedora, tí ilé-iṣẹ́ Red Hat ń ṣe alátìlẹ́yìn fún, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003.

Ìdí tí ó fi dára kí Linux ti wà nínú ẹ̀rọ

Òótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni lè gba Linux lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó sì fi sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kí ni ìwúlò kí ilé-iṣẹ́ ti fi sínú rẹ̀? Ìdáhùn wà nínú irin. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ni Linux mọ̀ bí a ti ń mọ ọmọ ilé. A lè fi sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, kí gbogbo rẹ̀ máa lọ déédéé, àfi Wi-Fi tí kò jí, tàbí kí ẹ̀rọ sùn kí ó má lè jí mọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ta ẹ̀rọ pẹ̀lú Linux ti yan irin tí yóò bá a mu, ó sì ti dán an wò. Bí nǹkan bá bàjẹ́, kò lè sọ pé àwa ni a fi ohun tí òun kò mọ̀ sínú rẹ̀. Lọ́nà kejì, a kò ní san owó ìwé àṣẹ ìlò Windows tí a kò ní lò.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. System76 ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2005. Dell bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ̀ǹpútà tí Ubuntu wà nínú rẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọdún 2007, Lenovo sì fi Fedora sínú àwọn ThinkPad kan ní ọdún 2020. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 kan náà, Raspberry Pi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Raspberry Pi 400 jáde. Kọ̀ǹpútà odindi ni, inú pátákó ìtẹ̀wé ni wọ́n kó o sí. Ètò tí a kọ́ lé Debian lórí ni ó ń lò. Wáàtì bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló tó o, yàtọ̀ sí ti gíláàsì rẹ̀. Ibi tí iná mọ̀nàmọ́ná ti ń ṣe ségesège mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó.

Ní ọjà tiwa, tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń rà, Windows tí kò ní ìwé àṣẹ ni ó sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ra tuntun kò gbọdọ̀ sọ ìrètí nù. Ó lè gbé Linux sórí fúláàṣì, kí ó fi í tan ẹ̀rọ náà lójú ẹni tí ń tà á, kí ó sì wo Wi-Fi, ohùn àti àwòrán kí ó tó ná ọjà. Fúláàṣì náà kò ní pa ohunkóhun rẹ́ nínú ẹ̀rọ àyàfi bí a bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọdún 2007

Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé kéde pé òun ti gba iṣẹ́ láti fi ẹ̀yà Linux òun sínú kọ̀ǹpútà Classmate 17,000 fún àwọn ilé-ìwé ní Nàìjíríà. Classmate jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré tí Intel ṣe ètò rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní ìparí oṣù kẹwàá, François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà ìta-gbangba sí ọ̀gá Microsoft. Ó ní àwọn oníbàárà òun sọ pé àwọn yóò san owó Mandriva, ṣùgbọ́n àwọn yóò yọ ọ́ kúrò, àwọn yóò sì fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ìròyìn jáde pé àjọ ìjọba tí ń san owó púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà fẹ́ kí Mandriva wà níbẹ̀.

Ohun méjì ni a rí kọ́. Èkíní, ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà níbi tí a ti ń pinnu ohun tí yóò wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo awuyewuye yẹn, ilé-iṣẹ́ àti àjọ ni ọ̀rọ̀ wọn gba ìròyìn kan, kì í ṣe olùkọ́. Èkejì, ilé-iṣẹ́ Mandriva fúnra rẹ̀ kógbá sílé ní ọdún 2015. Ẹ̀rọ tí a bá rà lónìí pẹ̀lú ẹ̀yà tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo gbé ró lè di aláìníbaba lọ́la. Ẹ̀yà tí gbòǹgbò rẹ̀ jìn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́jú, ni ó yẹ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fi ara tì.

Bí a ṣe ń yan ẹ̀yà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ru ẹrù ẹlẹ́rù gbọ́dọ̀ yan ọ̀nà tí kò ní da á nù. Ìbéèrè mẹ́rin ni a dábàá:

1. Ọdún mélòó ni yóò fi máa gba àtúnṣe ààbò? Ubuntu ń gbé ẹ̀yà ọlọ́jọ́-pípẹ́ jáde ní ọdún méjì-méjì, ọdún márùn-ún sì ni a fi ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀: 24.04 túmọ̀ sí oṣù kẹrin ọdún 2024. Linux Mint tí a kọ́ lé e lórí àti Debian náà ń tó ọdún márùn-ún. Fedora ń jáde ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, a sì ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún bí oṣù mẹ́tàlá péré. Ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ràn ohun tuntun. Kò rọrùn fún yàrá tí ó ní ogún ẹ̀rọ.

2. Ta ni yóò lò ó? Fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú wọn ti mọ́ Windows, Linux Mint kò ní ṣe àjèjì púpọ̀, nítorí ìrísí rẹ̀ súnmọ́ èyí tí wọ́n mọ̀.

3. Báwo ni agbára ẹ̀rọ ti tó? Fún tòkúnbọ̀ tí ìrántí rẹ̀ kò pọ̀, Linux Mint oní-Xfce tàbí Debian pẹ̀lú Xfce yóò fúyẹ́ ju àwọn yòókù lọ.

4. Ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Bí ẹnì kan nínú ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì bá mọ Ubuntu dáadáa, Ubuntu ni kí a yàn. Ẹ̀yà tí a rí ẹni bi léèrè nítòsí sàn ju èyí tí a ń yìn ní ilẹ̀ òkèèrè lọ.

Ìdánwò Yorùbá

Kí a tó buwọ́ lu ìwé ọjà, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò èdè. Nínú Unicode, tí í ṣe ìlànà àgbáyé fún lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ọ̀ àti m̀ kò ní. Ṣe ni a ń to àmì ohùn lé lẹ́tà lórí. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí yóò ju àmì sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó fi àpótí rọ́pò rẹ̀. DejaVu, Noto, Gentium àti Charis SIL mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn.

Àwọn ẹ̀yà Linux tí a dárúkọ ní ètò pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá lábẹ́ Nàìjíríà. Inú ibi ìtò pátákó ni a ti ń yàn án. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi pátákó Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè yan bọ́tìnnì kan fún iṣẹ́ Compose: bí ó bá tẹ̀ ẹ́, tí ó tẹ àmì ìyanu, tí ó sì tẹ e, ẹ ni yóò jáde. A kò sọ pé Windows kò lè kọ Yorùbá, nítorí òun náà ní pátákó Yorùbá. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra èyíkéyìí láìdán an wò.

Ìdánwò náà kò gùn. Kí a tẹ ‘Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀gbẹ́ ń ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú’ nínú LibreOffice, kí a fi pamọ́, kí a ṣí i nínú kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí a bá fẹ́ fi ìwé ìdánwò ránṣẹ́, PDF ni kí a sọ ọ́ dà, nítorí PDF máa ń gbé fọ́ǹtì rẹ̀ dání.

Lẹ́yìn ìrajà

Kí a yan olùtọ́jú méjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Kí a fi ẹ̀rọ kan ṣe àká tí yóò gba àtúnṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn yòókù máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí owó dátà má baà pa wá. Kí a wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti pirojẹ́kítọ̀ tí a ti ní bóyá wọn yóò bá Linux ṣe. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ní ètò kan tí kò lè ṣiṣẹ́ àfi lórí Windows, kí a fi ẹ̀rọ Windows kan sílẹ̀ fún un. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé kọ̀ǹpútà tí Linux ti wà nínú rẹ̀ ń gbà wá lọ́wọ́ wàhálà irin tí kò bá ètò mu, àti pé ẹ̀yà ọlọ́jọ́-pípẹ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ jìn ni ó yẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Bí àwa olùkọ́ bá fi ìpinnu sílẹ̀ fún alágbàtà, òun ni yóò máa sọ fún wa bóyá a lè fi àmì sórí èdè wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń kọ́ lónìí ni yóò tẹ ìwé ìdánwò ọmọ ẹlòmíràn lọ́la. Kí ó kúrò lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ìmọ̀ bí ọkọ́ kò ṣe ní di ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́

(a) Fi fúláàṣì tan kọ̀ǹpútà kan pẹ̀lú Linux Mint, kí o sì kọ àkọsílẹ̀ ohun tí ó ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́.
(b) Tẹ ìpínrọ̀ kan tí ó ní gbogbo fáwẹ̀lì Yorùbá pẹ̀lú ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ṣí i nínú kọ̀ǹpútà méjì mìíràn, kí o sì ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí o rí.
(d) Kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka rẹ, kí o fi ìbéèrè mẹ́rin inú iṣẹ́ yìí gbè é lẹ́sẹ̀, láti dábàá ẹ̀yà kan fún yàrá ìkọ́ èdè.