Ẹ̀kọ́ fún Ìjíròrò Ẹgbẹ́: Yíyan Alùpùpù Asáré Àlòkù ti Ítálì àti Títún Un Ṣe

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn yóò béèrè pé, kí ló kan àwa alájẹṣẹ́kù nínú alùpùpù Ítálì? Ìdáhùn wa ni pé owó ẹgbẹ́ ni ó kàn wá. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ra alùpùpù yìí, àwọn òbí wọn sì ń wá sí iwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó láti yá owó kún un. Ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òun ń dúró fún.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣojú wa bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa yá owó fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ náà ra Ducati 900SS pupa kan, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 1991 sí 1997. Alùpùpù náà ń dán. Sàlẹ́ńsà rẹ̀ jẹ́ tuntun, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ tuntun, ẹni tí ó tà á sì bu owó gbogbo ọ̀ṣọ́ wọ̀nyí lé e lórí. Ọmọ náà kò béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì gbẹ̀yìn. Kò tíì gùn ún pé oṣù méjì tí bẹ́líìtì já lójú ọ̀nà. Owó àtúnṣe tí mẹkáníìkì pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí ó fi rà á. Alùpùpù wọ gáréèjì, ìyá sì ń san gbèsè lóṣooṣù. Ó san án tán, kò já ẹgbẹ́ kulẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí ó ti fẹ́ fi fẹ ìsọ̀ rẹ̀ lójú sí i ni ó bá a lọ.

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí. Ohun kan péré ni a fẹ́ kí ẹ dì mú níbẹ̀: ìtọ́jú ni kí a fi owó rà kí a tó fi ra ọ̀ṣọ́.

1. IRÚ ALÙPÙPÙ TÍ Ó JẸ́

Ilé iṣẹ́ púpọ̀ ni ó ti ṣe alùpùpù asáré ní Ítálì, ṣùgbọ́n méjì ni a ó mú ṣe àpẹẹrẹ. Àkọ́kọ́ ni Ducati ti ìlú Bologna. Ọdún 1926 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ẹ̀yà ara rédíò ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń ṣe. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni wọ́n bọ́ sórí alùpùpù. Èkejì ni Moto Guzzi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1921 ní Mandello del Lario, ní etí adágún Como.

Ní ọdún 1972, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Paul Smart gun Ducati 750, ó sì gba ipò kìíní nínú eré ìje Imola. Ní ọdún 1978, Mike Hailwood tún gun Ducati borí ní Isle of Man. Láti ìgbà náà ni òkìkí alùpùpù yìí ti kàn kárí ayé. Ṣùgbọ́n òkìkí kì í san owó mẹkáníìkì. Ẹ jẹ́ kí a wo inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Nínú ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù, apá kan ni ó ń ṣí fáàfù, sípíríǹgì ni ó sì ń tì í padà. Fabio Taglioni, ẹni tí ó darapọ̀ mọ́ Ducati ní ọdún 1954, gba ọ̀nà mìíràn: apá kan ń ṣí fáàfù, apá kejì ń tì í. Èyí ni wọ́n ń pè ní desmodromic. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíákíá, fáàfù kò ní pẹ́ẹ́ títì. Ìnáwó rẹ̀ ni pé mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ wọn àyè tí ó wà ní ọ̀nà ṣíṣí àti ní ọ̀nà títì. Lórí 900SS tí a ń sọ yìí, ìwọ̀n 10,000 kìlómítà ni a gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Bẹ́líìtì rọ́bà méjì ni ó ń yí apá wọ̀nyí. Wọ́n ní kí a máa pààrọ̀ wọn ní ọdún méjì-méjì tàbí ní 20,000 kìlómítà, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Alùpùpù tí wọ́n gbé pamọ́ fún ọdún mẹ́fà láìgùn ún kò bọ́ nínú òfin yìí, nítorí rọ́bà ń gbó níbi tí ó jókòó sí. Bí bẹ́líìtì bá já, fáàfù yóò dúró gbọin sí ojú ọ̀nà písítìnì, písítìnì yóò sì gbá a. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ìyá yìí gan-an nìyẹn.

Moto Guzzi ní ọ̀nà tirẹ̀. Orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjèèjì yọ síta ní ọ̀tún àti ní òsì, bí ìwo màlúù. Ní orí Le Mans 850, tí ó bọ́ sí ọjà ní ọdún 1976, ẹni tí ó bá ní sípánà àti irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àyè lè tún fáàfù ṣe fúnra rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Kò ní ṣéènì; ọ̀pá irin ni ó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n òun náà ní àbùkù tirẹ̀. Asẹ́ ọ́ìlì rẹ̀ wà nínú agbada ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, a sì gbọ́dọ̀ tú agbada náà kí a tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀lẹ lè da ọ́ìlì tuntun sí i, kí ó sì fi asẹ́ àtijọ́ sílẹ̀ nínú ìdọ̀tí.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni yóò máa tún un ṣe? Báwo ni ó ti jìnnà sí ilé mi? Èló ni yóò máa ná mi lọ́dún? Bí kò bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò tíì tó àkókò láti yá owó.

2. ỌJỌ́ TÍ A BÁ LỌ YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Àwọn àgbà sọ pé ìyàwó tí a gbé lójú ijó, ìran ni yóò wò lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà pupa gbé yín lọ. Ẹ yẹ ohun wọ̀nyí wò ní ẹsẹẹsẹ.

(a) Ìwé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé V5C ń sọ orúkọ ẹni tí ìjọba mọ̀ pé ọkọ̀ wà ní ìtọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí pé òun ni ó ni ín. Ẹ rí i pé nọ́ńbà ara férémù àti ti ẹ́ńjìnnì bá ti inú ìwé mu. Ẹ wádìí bóyá gbèsè wà lórí alùpùpù náà. Ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ wo àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń sọ iye máìlì tí alùpùpù náà ti rìn nígbà àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Bí máìlì bá dín kù lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

(b) Rìsíìtì. Ẹ béèrè rìsíìtì bẹ́líìtì àti ti fáàfù, kí ọjọ́ àti máìlì wà lórí rẹ̀. Bí ẹni tí ń tà á bá ní, "Mo ṣe é, ṣùgbọ́n mi ò gba ìwé," ẹ kà á sí ohun tí a kò ṣe, kí ẹ sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ ó san.

(d) Ẹ́ńjìnnì tútù. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé kí ó má ṣe tan án kí ẹ tó dé. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ti gbóná, ó ṣeé ṣe kí ó máa fi bí ó ti ṣòro tó láti tan pamọ́ fún yín.

(e) Ariwo. Kílọ́ọ̀ṣì 900SS kò sí nínú ọ́ìlì. Bí a bá fà á nígbà tí alùpùpù dúró, yóò máa dún bí agolo tí a da òkúta wẹẹrẹ sí nínú. Ẹ má ṣe bẹ̀rù èyí. Bí wọ́n ti ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ń kàn gbọ̀ngbọ̀n ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ dágbére kí ẹ máa lọ.

(ẹ) Àmì jàǹbá. Ẹ wo ìpẹ̀kun ọwọ́ méjèèjì, ibi ìfẹsẹ̀lé, àti ìdérí ẹ́ńjìnnì, bóyá wọ́n ti há. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì, kí ẹ wo irin kékeré tí ó ń dá a dúró ní ọrùn férémù. Bí ó bá ti tẹ̀, alùpùpù náà ti ṣubú gidi. Ẹ wo ara ọrùn náà dáadáa bóyá irin ti sán lábẹ́ ọ̀dà.

(f) Iná. Ẹ fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré díẹ̀. Kí ó tó nǹkan bí fólítì 14. Bí ó bá kéré sí i púpọ̀, ẹ̀rọ tí ń fún bátìrì ní iná ti ní àbùkù.

(g) Táyà. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè ní eyín kí ó sì ti gbó. Ẹ̀mí ni ó sì wà lórí rẹ̀.

3. TÍTÚN UN ṢE SÍ ÌFẸ́ ỌKÀN ẸNI

Kì í ṣe òní ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń tún alùpùpù ṣe sí ìfẹ́ ọkàn wọn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Ace Cafe wà láti ọdún 1938, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń pàdé láti fi alùpùpù tí wọ́n ti bọ́ gbogbo ẹrù ara rẹ̀ kúrò díje. Wọ́n tì í ní ọdún 1969, ó sì tún ṣí padà ní ọdún 2001. A kò bá àwọn ọ̀dọ́ jà. Ìtẹ̀léra iṣẹ́ ni a fẹ́ sọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, ohun tí ń dá ẹ̀mí sí: bẹ́líìtì, táyà, omi bíréèkì àti páìpù rẹ̀. Páìpù rọ́bà àtijọ́ máa ń wú bí a bá tẹ bíréèkì; páìpù tí a fi wáyà irin wé kì í wú bẹ́ẹ̀. Èyí ni àtúnṣe tí ó dára jù pẹ̀lú owó kékeré.

Lẹ́yìn náà, ohun tí ó bá ara ẹni tí ń gùn ún mu. Kí a tún sípíríǹgì ẹ̀yìn àti ti iwájú ṣe kí ó bá ìwúwo rẹ̀ mu. Kí a gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀ bí ẹ̀yìn bá ń ro ó.

Ìkẹta ni sàlẹ́ńsà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fi èyí ṣe ìkíní, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣìnà. Bí a bá fi sàlẹ́ńsà tí ó ṣí gbayawu sí i, tí a sì gbẹ́ ihò sí àpótí afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ tí ń wọlé yóò pọ̀ ju epo lọ. A gbọ́dọ̀ tún kabúrétọ̀ ṣe kí epo lè tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa gbóná jù. Bákan náà, sàlẹ́ńsà tí wọ́n bá kọ sí lára pé kì í ṣe fún ojú títì, eré ìje nìkan ni ó wà fún.

Ọ̀dà àti ọ̀ṣọ́ ni ó gbẹ̀yìn.

Ẹ rántí òfin mẹ́ta nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe gé férémù. Ẹ tọ́jú gbogbo ẹ̀yà tí ẹ bá tú sínú àpótí, nítorí ẹni tí yóò rà á lọ́la lè fẹ́ ẹ bí ó ti wà láti ilé iṣẹ́. Ẹ sì sọ gbogbo àtúnṣe fún ilé iṣẹ́ íńṣọ́ránsì. Bí ẹ bá fi pamọ́, wọ́n lè kọ̀ láti san owó lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

4. ÌṢIRÒ OWÓ

Ìmọ̀ràn wa fún ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ni èyí. Nínú 100 náírà tàbí 100 pọ́n-ùn tí ẹnìkan bá ní, kí ó má ṣe fún ẹni tí ń tà ju 70 lọ. Kí ó ya 20 sọ́tọ̀ fún bẹ́líìtì, fáàfù, táyà àti bíréèkì ní oṣù kìíní. Kí ó fi 10 pamọ́ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀. Akoto tí ó péye, ìbọ̀wọ́ àti íńṣọ́ránsì kò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹni tí kò bá lè san tiwọn kò tíì lè ra alùpùpù. Kí ó sì ti ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ẹ̀ka A kí a tó bá a sọ̀rọ̀ owó rárá.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ti di ọmọ ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó báyìí. Nígbà tí ẹnìkan tún mú irú ọ̀rọ̀ yìí wá, tí ó gbé àwòrán alùpùpù tí ó ń dán jáde, ìyá náà kò wo àwòrán. Ó na ọwọ́, ó ní, "Ẹ dákun, rìsíìtì bẹ́líìtì ńkọ́?" Ẹni náà kò ní in. Wọ́n sún ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó náà sí ìpàdé tí ó ń bọ̀, ó sì lọ wá a.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé V5C àti ẹni tí ó ni alùpùpù?
2. Kí ló dé tí alùpùpù tí a kò gùn fún ọdún mẹ́fà fi nílò bẹ́líìtì tuntun?
3. Nínú ẹ̀yáwó tí ẹgbẹ́ yín fọwọ́ sí lọ́dún tó kọjá, èwo ni ẹ bi léèrè owó ìtọ́jú lẹ́yìn owó rírà?
4. Bí ọmọ yín bá ní sàlẹ́ńsà ni òun fẹ́ kọ́kọ́ rà, kí ni ẹ ó wí fún un?

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ó sì kà á ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e. Ó dìgbà ẹ̀kọ́ mìíràn.