Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ìtumọ̀ "skim" ní Las Vegas

Ìbéèrè: Kí ni "skim" tí àwọn òǹkọ̀wé máa ń mẹ́nu bà nínú ìtàn àwọn ilé tẹ́tẹ́ Las Vegas?

Ìdáhùn: "Skim", tí ó túmọ̀ sí kí a ré ohun tó léfòó lójú nǹkan, bí ìgbà tí a bá ré epo lójú ọbẹ̀, jẹ́ ẹnà fún owó tí àwọn tó ń darí ilé tẹ́tẹ́ ń yọ lára èrè kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò, kí ìjọba má baà gba owó-orí lórí rẹ̀, kí àwọn onílé gidi tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé àṣẹ sì lè rí ìpín tiwọn gbà. Yàrá tí wọ́n ti ń ka owó ni iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń wáyé. Ṣùgbọ́n ní ilé tẹ́tẹ́ Stardust, ní àwọn ọdún 1970, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn owó ẹyọ gan-an ni wọ́n yí, tí ó fi ń fi iye tó dín hàn. Kò tọ́ kí a pe owó tí òṣìṣẹ́ kan dá jí ní "skim". Olè jíjà lásán nìyẹn, nígbà tí "skim" jẹ́ ètò àwọn ọ̀gá fúnra wọn, ìlú sì ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Ní 1986, ilé ẹjọ́ ní Kansas City dá àwọn olórí Máfíà láti Chicago, tí wọ́n wà lára àwọn onílé gidi yẹn, lẹ́bi lórí owó "skim" Las Vegas.