Ojú Ni Alákàn Fi Ń Ṣọ́ Orí

Ní etí òkun Ìlàjẹ, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọmọ lè dàgbà di géńdé láì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ àpáta rí. Ẹrẹ̀ àti omi ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Orí òpó ni a kọ́ ọ̀pọ̀ ilé sí. Ọkọ̀ ni a sì fi ń lọ láti abúlé dé abúlé. Ṣùgbọ́n nínú ìpínlẹ̀ kan náà, ní apá òkè tí omi iyọ̀ kò dé, ni ìlú Ìdànrè wà, tí òkè ńláńlá tí ó jẹ́ kìkì òkúta yí ká. Bí ọmọ Ìlàjẹ bá dé ẹsẹ̀ òkè náà nígbà àkọ́kọ́, ó lè wí nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ tí òun kọ́ nílé kò wúlò níhìn-ín. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ lórí omi gan-an ni yóò gbà á lórí àpáta.

Kí ni ẹ̀kọ́ náà? Apẹja tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ki ọwọ́ bọ inú ìgèrè kí ó tó wo inú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ejò lè bá ẹja wọ ibẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ sí àárín igbó etí omi, yóò kọ́kọ́ fi àjẹ̀ kan ilẹ̀, yóò sì tẹ́tí sílẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Alákàn kò tóbi, kò sì lágbára. Ìṣọ́ra ni ó fi ń gbé láàrin àwọn tí ó lè pa á jẹ. Ohun tí ẹni tí ń gun àpáta nílò kò ju èyí lọ.

Fún ọ̀pọ̀ ìran ni àwọn ará Ìdànrè fi gbé lórí òkè wọn, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú dó sí ìsàlẹ̀ ní ọdún 1923. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni àlejò ń gùn kí ó tó dé ìlú àtijọ́ náà. Ènìyàn ti ṣí lọ, ṣùgbọ́n òkè kò ṣófo. Àwọn ẹ̀dá mìíràn ni onílé níbẹ̀. Ẹni tí ń gun òkè, àlejò wọn ni.

Alángbá ni ó sábà ń kọ́kọ́ pàdé àlejò náà, níbi tí ó ti ń yá oòrùn lórí òkúta. Ejò pẹ̀lú a máa wá ooru òkúta, nítorí pé ara rẹ̀ kò lè pèsè ooru tí ó tó o. Níhìn-ín ni ewu wà. Ẹni tí ń gun àpáta a máa na ọwọ́ sókè láti wá ibi dídìmú nínú pàlàpálá òkúta tí ojú rẹ̀ kò tó. Paramọ́lẹ̀ kì í sábà sá bí ó bá gbúròó ènìyàn. A dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ a sì jọ ti ilẹ̀ àti ewé gbígbẹ. Kì í lépa ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tí ó fọwọ́ kàn án ni ó ń bù jẹ. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kí a má ṣe gé ojú ibẹ̀, kí a má ṣe fi ẹnu fa oró, kí a má sì fi okùn dì í pinpin. Kí a fi ẹni náà lọ́kàn balẹ̀, kí a má jẹ́ kí ó mi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Oyin pẹ̀lú a máa fi ihò àpáta ṣe ilé. Bí oyin kan bá ta ènìyàn, òórùn kan ń jáde láti ibi tí ó ta, òórùn náà ni ó sì ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí ìjà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ ìró wọn nínú ihò kò gbọdọ̀ sọ òkò síbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ máa ju apá kiri. Kí ó bo ojú rẹ̀, kí ó sì kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìbẹ̀rù má ṣe mú un fò láti orí àpáta, nítorí pé ìṣubú lè burú ju oró oyin lọ.

Nínú àwọn ihò ńlá ni àdán ń gbé. Èso ni oúnjẹ wọn, wọn a sì máa gbé irúgbìn igi káàkiri. Ní Ìdànrè, àwọn ènìyàn a máa wọ ihò lọ mú àdán nígbà ọdún àdán. Ní ọdún 2010 àti 2013, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣe ìwádìí níbẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2020. Nínú àwọn ènìyàn 2,112 tí ó wà nínú ìdílé tí wọ́n wádìí, àwọn 213 ti ní ìfarakàn pẹ̀lú àdán rí, àdán sì ti bu àwọn 52 jẹ. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn àdán tí wọ́n yẹ̀ wò, ó ju ìdajì lọ tí ó ní àmì pé kòkòrò àrùn tí ó jẹ́ ìbátan ti dìgbòlugi ti wọ ara wọn rí. Wọn kò rí àmì bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kankan. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ ni ó jẹ́. Ẹni tí àdán bá bù jẹ tàbí tí ó ha léèékánná, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ gba abẹ́rẹ́.

Títí di ìhín, ààbò ènìyàn ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá kan wà lórí òkè yìí tí kò lè ṣe ènìyàn ní ibi, tí ènìyàn sì lè pa run láì mọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan ni. Ní ọdún 1963 ni Arne Schiøtz, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Denmark, kọ̀wé nípa rẹ̀, tí ó sì fi orúkọ onímọ̀ mìíràn, Perret, sọ ọ́. Òkè Ìdànrè nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé. Inú odò kọ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì yọ ẹsẹ̀ ń gbé, bí kò ṣe lórí àpáta tí omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń ṣàn lé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, títí ó fi di ọdún 2013 tí àwọn onímọ̀ tún rí i. Omi tí ó dà bí ìrì lásán lójú ẹni tí ń kọjá lọ ni ilé ọmọ rẹ̀. Bàtà kan lè tẹ̀ wọ́n pa. Ọṣẹ àti ìdọ̀tí tí a dà síbẹ̀ lè ba ilé wọn jẹ́. Bí wọ́n bá sì parẹ́ ní Ìdànrè, kò sí ibòmíràn tí a mọ̀ tí a ti lè lọ mú irú wọn wá.

Nítorí náà, ìṣọ́ra apẹja Ìlàjẹ ní ojú méjì. Ó ń wo inú ìgèrè kí ejò má baà bù ú jẹ. Bí ó bá sì gbọ́n, yóò dá ẹja wẹ́wẹ́ padà sínú omi kí irú ẹja má baà tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí agùnkè máa wo ibi tí yóò fi ọwọ́ sí nítorí ara rẹ̀, kí ó sì máa wo ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nítorí àwọn ẹ̀dá tí kò lágbára. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni apẹja ń ṣe kí ó tó ki ọwọ́ bọ inú ìgèrè? Báwo ni èyí ṣe kan ẹni tí ń gun àpáta?
2. Kí ni kò yẹ kí a ṣe fún ẹni tí ejò bù jẹ?
3. Èéṣe tí ìparun ọ̀pọ̀lọ́ Ìdànrè yóò fi jẹ́ àdánù fún gbogbo ayé?
4. Kọ àròkọ lórí òwe yìí: "Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí."