Ṣé Kí N Yọ Kọ́ǹtáàtì Ọkọ̀ MGB Mi?

ÌBÉÈRÈ

Mo ra ọkọ̀ MGB ọdún 1965, èyí tí èèyàn lè ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn, lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan ní àdúgbò wa níbí ní Leeds. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ ó ń dójú tì mí. Bí mo bá ti wà á jìnnà díẹ̀ tí ẹ́ńjìnì sì ti gbóná dáadáa, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á sì kú. Tó bá tutù, á tún jí. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ kọ́ǹtáàtì rẹ̀, kò yí padà. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n yọ kọ́ǹtáàtì náà kúrò, kí n fi íginíṣọ̀n ẹlẹ́kitíróníìkì rọ́pò rẹ̀. Bàbá tó tà á fún mi ní èèwọ̀ ni, pé ọkọ̀ àtijọ́ kò gbọdọ̀ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà?

Ìyá Tọ́lá, Leeds

ÌDÁHÙN

Ìyá Tọ́lá, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ni kí ẹ gbà, àmọ́ ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa ọkọ̀ náà.

Bí ó bá tún kú lójú ọ̀nà, kí ẹni tó mọwọ́ irinṣẹ́ yọ wáyà kan lórí púlọ́ọ̀gì, kó fi púlọ́ọ̀gì mìíràn sí i lẹ́nu, kó gbé e lé irin ẹ́ńjìnì láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ wá fi kọ́kọ́rọ́ yí ẹ́ńjìnì. Bí iná tó ń ṣẹ́ níbẹ̀ bá le tó sì jẹ́ aláwọ̀ búlúù, kọ́ǹtáàtì kò jẹ̀bi. Ẹ wá ìdí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ epo, pàápàá pọ́ńpù SU tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Pọ́ńpù yẹn ní kọ́ǹtáàtì tirẹ̀ nínú, òun náà sì máa ń dákú. Bí kò bá sí iná rárá, tàbí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láìlágbára, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ kọ́ìlì, tó ń sọ iná bátìrì di alágbára, àti dísíríbútọ̀, tó ń pín in fún àwọn púlọ́ọ̀gì, ni wàhálà wà.

Lójú tèmi, kọ́ńdẹ́ńsà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ìyẹn ni agolo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ǹtáàtì nínú dísíríbútọ̀. Tí kọ́ńdẹ́ńsà bá ti bàjẹ́, bó ṣe ń kú nígbà tó bá gbóná tó sì ń jí nígbà tó bá tutù gan-an nìyí. Bí mẹkáníìkì yín bá sọ pé òun ti fi tuntun sí i, ìyẹn kò fi mí lọ́kàn balẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lóde òní kì í pẹ́ kó tó daṣẹ́ sílẹ̀. Kọ́ìlì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò wọ́pọ̀ tó ti kọ́ńdẹ́ńsà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ àbúrò yín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Dísíríbútọ̀ Lucas 25D4 tó wà lára ọkọ̀ yín ní igun mẹ́rin lára ọ̀pá rẹ̀. Bí igun kọ̀ọ̀kan bá ti kọjá, á ti kọ́ǹtáàtì ṣí, iná kọ́ìlì á já, agbára ńlá á sì jáde lọ sí púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 6,000 ni kọ́ǹtáàtì ń ṣí láàárín ìṣẹ́jú yẹn. Irin tí ń lu irin bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàìjóná, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń fara ha ọ̀pá kò sì ní ṣàìjẹ. Bó ti ń jẹ ni àyè tó yẹ kó wà ní nǹkan bí ínǹṣì 0.015 ń sún kì, táímìn ẹ́ńjìnì náà á sì máa yẹ̀. Àwa tí a gun Ìjàpá Volkswagen àti Peugeot 504 nílé kò ní gbàgbé bí mẹkáníìkì ṣe ń fi sáńdípépà ha kọ́ǹtáàtì létí títì kí a tó lè máa lọ.

Íginíṣọ̀n ẹlẹ́kitíróníìkì tí àbúrò yín ń sọ mú gbogbo ìfarahara yẹn kúrò. Nínú irú tí ilé iṣẹ́ Pertronix ń ṣe, òrùka onímágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kì bọ ọ̀pá dísíríbútọ̀, ẹ̀rọ kékeré kan á sì máa mọ̀ ọ́n bó ṣe ń kọjá. Nínú Optronic ti Lumenition, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí ni wọ́n ń gé lágèégé. Kò sí kọ́ńdẹ́ńsà mọ́ nínú méjèèjì.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ sọ. Kì í wo dísíríbútọ̀ tó ti gbó sàn. Kí ẹ di ọ̀pá rẹ̀ mú, kí ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì; bó bá ń yẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe. Àwọn irin wíwúwo àti sípíríìnì tó ń sún táímìn síwájú bí eré bá ti ń pọ̀ ṣì wà níbẹ̀, bí wọ́n bá sì ti dípẹtà, ẹlẹ́kitíróníìkì kò lè tú wọn. Ẹ́ńjìnì tí kọ́ǹtáàtì rẹ̀ wà ní ipò tó yẹ kò sì ní torí ẹ̀rọ yìí sáré ju bó ṣe ń sáré lọ. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni owó yín ń rà, kì í ṣe agbára.

Ohun tó ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ nìyí o, ẹ fara balẹ̀ kà á. MGB ọdún 1965, ẹsẹ̀ pósítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní Abingdon. Ìparí ọdún 1967 ni wọ́n tó yí i sí nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹni tó ni ín kí ó tó kan yín sì lè ti yí i padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ má wo ìwé, ẹ wo bátìrì: MGB ayé ìgbà yẹn ní bátìrì fóòtì 6 méjì lẹ́yìn àga, ẹ tọ wáyà tó lọ sí ara ọkọ̀ dé orí bátìrì, kí ẹ wo àmì tó wà níbẹ̀. Bí pósítíìfù bá ni, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún pósítíìfù ni kí ẹ rà. Ó wà lọ́jà. Bí ẹ bá fi ti nẹ́gẹ́tíìfù sí i, kíá ló máa jóná, ẹni tó tà á kò sì ní dá owó padà.

Ẹ ní kí wọ́n wọn kọ́ìlì náà pẹ̀lú. Tó bá wà ní nǹkan bí ohm 3, ó dára. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta kọ́ìlì ohm 1.5 fún yín pé ó le jù ú lọ, ẹ má gbà. Yóò sun ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Wáyà púlọ́ọ̀gì oníbàbà lásán náà kò bá wọn mu, èyí tó ní ìdènà nínú ni kí ẹ lò. Ẹ má sì ṣí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí ẹ máa gbọ́ rédíò nígbà tí ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́. Bí abẹ́rẹ́ aago tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnì bá wá ń fò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán, ara ẹ́ńjìnì dá; aago àtijọ́ náà ni kò mọ ẹ̀rọ tuntun, àwọn tó ń tún un ṣe sì wà ní Bìrìtìkó.

Ní ti bàbá tó ta ọkọ̀ fún yín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ká gbé sọnù. Kọ́ǹtáàtì máa ń kìlọ̀ kó tó kú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí, ọjọ́ tó bá kú, ó kú nìyẹn. Àmọ́ bí ẹ bá ra irú ti Pertronix, kò sí ihò kankan tí ẹ máa lu sára ọkọ̀. Abẹ́ ìdérí dísíríbútọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀, ẹ sì lè dá a padà bó ṣe wà nígbàkúùgbà, nítorí náà kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi kọ́ǹtáàtì, kọ́ńdẹ́ńsà àti síkúrú-dírẹ́bà kékeré kan sínú búùtù, ẹ má sì yọ wọ́n níbẹ̀ láé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, ẹ rí i dájú pé mẹkáníìkì fi iná táímìn wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá ti tò ó tán. Ibi tí ẹ̀rọ tuntun ti ń já iná kì í bá ti kọ́ǹtáàtì mu, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń gbàgbé.