Kí Ọjọ́ Ìkómọjáde Tó Pé: Ẹ̀kọ́ Lórí Àbùkù Àbínibí

Ibi kíkà: Ìhìnrere Jòhánù, orí kẹsàn-án

Nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, ohun tí wọ́n bi Olúwa wa ni ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀, bóyá ọkùnrin náà ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Olúwa kò dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́bi. Iṣẹ́ ìwòsàn ni ó dojú kọ. Àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ yìí mọ ìtàn náà dáadáa. Síbẹ̀, nígbà tí a bá bí ọmọ tí ètè rẹ̀ là tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, ìbéèrè àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹbí. Wọn a ní aboyún náà rìn ní ọ̀sán gangan, tàbí pé ará ilé ni ó ṣe é. Ibi tí a ti ń wá ẹlẹ́bi kiri ni àkókò ìtọ́jú ti ń kọjá lọ. Ẹ̀kọ́ wa kò ju èyí lọ: àbùkù àbínibí kọ̀ọ̀kan ni ó ní àkókò tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì tètè rí i ni ó lè bá àkókò náà.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀

Kí oyún tó pé oṣù méjì ni ètè ọmọ ti máa ń so pọ̀. Ohun tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ti gbọ́dọ̀ padé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ń gba obìnrin tí ó ń retí oyún níyànjú láti máa lo folic acid, ìwọ̀n 400 maikirogíráàmù lóòjọ́, kí oyún tó dúró.

Èyí tí kò lè di ọ̀la

Ní ọjọ́ tí a bá bí ọmọ, kí a tú u sílẹ̀, kí a yẹ̀ ẹ́ wò láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nínú nǹkan bí 5,000 ọmọ, a máa ń bí ọ̀kan láìsí ihò ìdí tí ó pé. Àwọn dókítà sábà máa ń gbé ìfun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gba ara ikùn jáde fún ìgbà díẹ̀ kí ó lè rí ìgbẹ́ yà, lẹ́yìn náà wọn a ṣe ihò náà sí àyè rẹ̀. Bí itọ́ bá ń hó lẹ́nu ọmọ, tí oúnjẹ sì ń há a lọ́fun, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò dé inú. Ẹ má ṣe rọ ọ́ ní omi tàbí àgbo. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Bákan náà ni bí ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ kò bá jáde láàárín ọjọ́ méjì, tàbí bí ọmọ bá ń bì èébì aláwọ̀ ewé.

Ọjọ́ kẹjọ

Kí abẹ olóólà tó kan ọmọkùnrin, ẹ wo ibi tí ìtọ̀ rẹ̀ ti ń jáde. Bí ihò náà bá wà ní ìsàlẹ̀ nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ dípò orí rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ ọ́ nílà. Awọ tí olóólà ì bá gé sọnù ni oníṣẹ́ abẹ lè fi tún ọ̀nà ìtọ̀ náà ṣe.

Èyí tí ó ní ọ̀sẹ̀ àti oṣù

Bí ibà pọ́njú bá ré kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìgbẹ́ ọmọ sì funfun bí ẹfun, ọ̀nà òróòro rẹ̀ lè ti dí; iṣẹ́ abẹ tí a ṣe kí ọmọ tó pé 60 ọjọ́ ni ó sábà máa ń yọrí sí rere jù.

Ní ti ẹsẹ̀ wíwọ́, Dókítà Ignacio Ponseti ti Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà fi hàn pé a lè tọ́ ọ sọ́nà láìsí iṣẹ́ abẹ ńlá. A ó máa fi POP dì í ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ìgbà bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà. A sábà máa ń la iṣan gìgísẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ọmọ yóò máa wọ bàtà onírin sùn títí di nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàtà yìí ni àwọn òbí máa ń pa tì, tí ẹsẹ̀ fi ń padà wọ́.

A sábà máa ń rán ètè lílà ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, àti àjà ẹnu kí ọmọ tó pé ọdún kan ààbọ̀, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè já geere. Àjọ Smile Train, tí a dá sílẹ̀ ní 1999, ń ran àwọn ilé ìwòsàn kan ní Nàìjíríà lọ́wọ́ láti ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdodo ńlá sábà máa ń wọlé fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n ìfun tí ó bá ń yọ wú ní abẹ́nú itan ọmọ, iṣẹ́ abẹ ni ó ń fẹ́.

Ojúṣe wa

Bí a bá pè wá sí ìkómọjáde, tí a sì bá ìyá tí ó ń fi aṣọ bo ojú ọmọ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a bi í léèrè ohun tí ó jẹ nígbà oyún. Ẹ jẹ́ kí a béèrè ọjọ́ tí dókítà dá fún un, ẹni tí yóò bá a lọ, àti iye owó ọkọ̀ tí ó kù. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kọ̀ọ̀kan yọ díẹ̀ sílẹ̀ fún irú èyí nínú owó àjọ̀dún wa. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọmọdé wà ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Èkó. Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà, kí a sì wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.