Àjò Ń Dùn Kí Onílé Tó Relé

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe yìí ni wọ́n fi ń sìn wá dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń gbéra, òun náà ni wọ́n fi ń pè wá padà lórí fóònù. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́. Ilé tí a ó padà sí nìkan ló ń dún létí wa. Ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Àwọn àgbà tó pa á ti gbà tẹ́lẹ̀ pé àjò ń dùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a má gbàgbé ilé. Ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀, ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rán an létí pé kó kúrò níbẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ wà lájò sọ nìyẹn, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ń di ẹrù: ẹ jẹ́ kí ó dùn. Ìgbádùn kéékèèké ni mò ń wí, irú èyí tí owó rẹ̀ kò ju owó káàdì fóònù lọ, tí òmíràn kò tilẹ̀ ná wa ní kọ́bọ̀.

Ọdún kẹfà mi rèé ní Manigri. Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, òwò kajú ló gbé mi dé ibí. Bí ẹ bá ti Kùtọnu ń bọ̀, ẹ ó gba Bohicon, ẹ ó gba Dassa, ẹ ó yà sí ọ̀nà Savalou, ẹ ó la Bantè kọjá kí ẹ tó kàn wá. Bassila ló tẹ̀ lé wa, lẹ́yìn rẹ̀ ni Djougou. Ìlú Nàgó ni Manigri, wọ́n sì pín in sí méjì, Manigri-Oké àti Manigri-Ikanni. Láti oṣù Kejì lọ ni èso kajú ti ń já bọ́, tí òórùn rẹ̀ ń gba gbogbo ìlú. Tẹ́lẹ̀, bí a bá ti rà á la ti ń wá bí yóò ṣe dé èbúté. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 2024 tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de kíkó kajú tí wọn ò tíì pa jáde nílẹ̀ yìí, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pa á níbí là ń tà á fún. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Nígbà tí mo dé, mo ní mo ti délé. Nàgó ni wọ́n, Yorùbá lèmi náà, kí ni mo tún fẹ́ kọ́? Àṣìṣe tó pẹ́ jù lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bí mo bá fi èdè Ọ̀yọ́ mi nájà, wọ́n ń gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọjú síra wọn, tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ìlàjì ló ń bọ́ mọ́ mi létí. Bí mo bá dé Bassila, tí wọ́n ti ń sọ Anii, kò tilẹ̀ sí ìlàjì tí mo lè mú. Àlejò tí èdè rẹ̀ sún mọ́ ti onílé ló máa ń ya ọ̀lẹ jù, nítorí kò sí ohun tó fipá mú un láti kọ́.

Mo wá ti ara mi mọ́lé. Ìndómì tí mo kó ti Nàìjíríà wá ni mò ń sè lálaalẹ́, mò ń wo fíìmù lórí fóònù, mò ń ka ọjọ́ tó kù sí Iléyá bí ẹlẹ́wọ̀n. Ìyá onílé mi ló là mí lójú. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń pa ẹ̀pà, ó ní, "Ọmọ mi, o ti lo ọdún kan nílé mi, mi ò sì mọ ọbẹ̀ tí o fẹ́ràn." Kò bínú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju kó bú mi lọ. Àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ ohun tí wọn yóò fi lọ ẹni tí kò jókòó tì wọ́n rí?

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó tì í. Ibẹ̀ ni mo wà tí ìyá Fúlàní kan fi dé pẹ̀lú igbá wàrà lórí. Wàgáṣì ni wọ́n ń pè é káàkiri Bẹ̀nẹ̀. Ó ti pé ọdún kan tí mo ti ń rí i lọ́nà tí mi ò yà sí i. Èyí tó gbé wá lọ́jọ́ náà pupa bí ilẹ̀ ọ̀nà. Èèpo ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pa á láró, omi ewé bọmubọmu ló sì ń mú kí wàrà náà dì. Ìyá onílé mi fi ọ̀bẹ là á, inú rẹ̀ funfun báláú. Ó gé e wẹ́wẹ́ sínú òróró ẹ̀pà tó ti gbóná, ó dúró tì í títí etí rẹ̀ fi gbẹ, ó bù ú lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ata gígún. Bí mo ti gé e jẹ, ó ń dún láàárín eyín mi. Ìyá Fúlàní náà kọ́ mi bí mo ṣe máa tọ́jú ìyókù: kí n máa fi omi iyọ̀ bọ̀ ọ́ lálaalẹ́, kò ní bàjẹ́. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tó bá máa ń wá ni mo fi ń ka ọ̀sẹ̀ mi. Iléyá kò jìnnà mọ́.

Wàrà ló ṣílẹ̀kùn fún ìyókù. Iṣu ni ọlá agbègbè wa yìí. Tí àkókò làbókò bá tó, iṣu àkọ́yọ tí gbogbo ẹnu ń retí, ara ìlú a yá gágá. Ní Savalou, ní gúúsù wa, ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ni wọ́n fi ń ṣọdún iṣu tuntun. Nígbà náà, ní Manigri tiwa níbí, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lọ, odó a máa dá odó lóhùn láti agboolé dé agboolé. Mo máa ń gbé àga síta kí n lè gbọ́ ọ. Ọmọ odó méjì á máa lọ gan-gan, ẹ̀kẹta á wọ àárín wọn, wọn kì í kọlu ara wọn. Bí ilé tó sún mọ́ mi bá gún tiwọn tán, ọmọ kan á ti dé pẹ̀lú àwo tí wọ́n fi òmíràn dé. Ọdún àkọ́kọ́ ńkọ́? Odó ń dún nígbà yẹn náà. Fóònù ló wà létí mi.

Àbúrò mi wà ní Spéìn, ní Lleida, níbi tí ọgbà píìṣì àti péà ti lọ salalu, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ń lọ ká èso nígbà ooru. Àwọn márùn-ún ló ń gbé yàrá méjì. Lọ́jọ́ Àìkú, wọn a se ìrẹsì ìkòkò kan tí wọn yóò máa gbóná jẹ títí Sátidé. Ọdún mẹ́ta gbáko, kò jókòó sí gbàgede ìlú náà rí. Ó ní owó ni òun wá wá. Lóòótọ́ ló ń fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń gbẹ sí i ní gbogbo ìgbà tó bá pè. Ara kì í ṣe òkúta. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá onílé mi fún un. Ó dákẹ́ títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá kan wà lóko tó máa ń pè mí jẹun láago mẹ́wàá àárọ̀. Mo máa ń ní mo ti yó." Mo ní kó lọ jẹ ẹ́.

Búrẹ́dì líle ni. Bàbá náà la tòmátì sí méjì, ó fi ojú rẹ̀ gbo búrẹ́dì náà títí èèpo nìkan fi kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó da òróró ólífì lé e, ó bu iyọ̀ wọ́n ọn, ó tán. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi pè mí, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n, iṣu àti epo ni!" Ẹni tó bá ti fi iṣu gbígbóná tọ epo àti iyọ̀ rí mọ ohun tó ń wí.

Tẹ́lẹ̀, ó máa ń pe àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀lẹ, nítorí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù ní bí aago méjì ọ̀sán, ó di bí aago márùn-ún kí wọ́n tó ṣí i. Ó ti wá mọ̀ pé oòrùn ló ń lé wọn wọlé, bó ti ń lé wa sábẹ́ igi máńgòrò. Tó bá rọlẹ̀, tọmọdé tàgbà a jáde sí gbàgede, wọ́n ń rìn, wọ́n ń kí ara wọn, oúnjẹ alẹ́ di aago mẹ́sàn-án, mẹ́wàá. Òun náà ń jáde. Ó kọ́ láti kí èèyàn kó tó béèrè ohun tó fẹ́ rà, èyí tó yẹ kí ọmọ Yorùbá ti gbé láti ilé lọ. Ó sì rí i pé Katalan ni àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ láàárín ara wọn, bí Nàgó ṣe rí sí èmi níbí. "Bon dia" kékeré tó ń fi kí ìyá tó ń ta búrẹ́dì ti sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń béèrè bí kò bá yọjú.

Mo wo àwòrán ilẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí i pé bí ẹyẹ bá gbéra ní Manigri tó ń fò tààrà sí àríwá, tó ré aṣálẹ̀ Sàhárà àti òkun Mẹditaréníà kọjá, ilẹ̀ Kataloníà ni yóò bà sí. Nígbà òtútù wọn, aago wa bá tiwọn mu. Bí ọyẹ́ bá mú lóṣù Kìíní, tí mò ń mu ẹ̀kọ gbígbóná láago méje àárọ̀, aago méje náà ni lọ́dọ̀ rẹ̀. A jọ máa ń mu tiwa lórí fóònù.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ẹni tó bá gbádùn ilẹ̀ onílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá lé e ni yóò mọ̀. Ẹ̀rù yìí nídìí. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969 ni ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi máa lọ, tí àwọn oníṣòwò Yorùbá rọ́ dà sílé láti ibi tí wọ́n ti gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gabon lé àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ní 1978. Bàbá mi wà lára àwọn tó bọ̀ láti Gánà. Tamale ló ti ń ta aṣọ. Ọjà rẹ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n nígbà tó darúgbó, tó bá ń sọ̀rọ̀ Gánà fún wa, túò sááfì tí wọ́n fi ọbẹ̀ ewédú jẹ lálẹ́ ló máa ń sọ, àti ẹtù sísun, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Dàgómbà tí wọ́n jọ ń jókòó síta. Kò sí òfin tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó relé, àjò rẹ̀ sì dùn.

Kí àjò tiyín náà lè dùn, ẹ kọ́kọ́ mú ìwé yín gún. Ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá kò lè fara balẹ̀ jókòó sí gbàgede. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa láàyè láti wọ orílẹ̀-èdè ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Bí ẹ bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ lọ gba ìwé ìgbélùú. Ní Spéìn, lọ́sẹ̀ tí ẹ bá ti rí ibi tí ẹ ó máa gbé, ẹ lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ yín sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní padrón. Ẹni tí kò tíì ní ìwé ìgbélùú náà lè fi orúkọ sílẹ̀. Ó wà lára ohun tó ń fi ìgbà tí ẹ ti wà nílùú hàn, nígbà tí ẹ bá fẹ́ béèrè fún ìwé ìgbélùú. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀, ó ti di méjì láti oṣù Karùn-ún 2025. Àbúrò mi fi oṣù mẹ́jọ ṣòfò kó tó lọ. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe é.

Bí owó bá wọlé, ẹ yọ owó ẹnu yín sọ́tọ̀ kí ẹ tó fi tilé ránṣẹ́. Kó má pọ̀. Kó ṣáà tó ra wàrà, tàbí kó tó láti jókòó mu kọfí kan lọ́sẹ̀ láàárín àwọn ará ìlú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín. Nígbà tí ọmọ yín bá tún pè láti ìlú òkèèrè, ẹ bi í ní ohun tó jẹ lónìí àti ẹni tí wọ́n jọ jẹ ẹ́, kí ẹ tó béèrè owó.